Òwú Ẹsẹ̀ Ọmọ, Owú Dókítà

Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni mo fi kọ́ iṣẹ́ títún egungun ọmọdé ṣe. Mo jókòó ti ìwé títí ìdí mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ta gbòǹgbò. Egungun mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, mo sì lè pe orúkọ wọn tẹ̀lé ara wọn láì mí, bí ẹni ń pe orúkọ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹ jí mi lójú oorun, màá pè é.

Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, lọ́jọ́ Ajé kan, obìnrin kan gbé ọmọ ọlọ́sẹ̀ márùn-ún wọ yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, èyí tí kò gba àkókò púpọ̀, nítorí mi ò ga. Ó wá ní:

"Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pe dókítà."

Mo ní, "Dókítà nìyí, mà."

Ó wo ẹ̀yìn mi. Ó wo ẹ̀gbẹ́ mi. Ó wo abẹ́ tábìlì, bóyá dókítà bọ́ sílẹ̀. Àfi bó ṣe rí Bàbá Ẹfun tó ń tẹ̀ bọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ bá là kedere.

"Hẹn-ẹ́n! Dókítà, ẹ káàárọ̀ o!"

Bàbá Ẹfun kì í ṣe dókítà. Òun ló ń bá wa di simẹ́ńtì, ìyẹn bándéèjì funfun tí a máa ń rì bọ omi, tí a fi ń wé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọmọ, tó sì máa ń le koránkorán tó bá gbẹ. Ó ga bí òpó iná. Orí rẹ̀ ti hewú, simẹ́ńtì a sì máa kùn ún funfun láti ìka dé ìgúnpá, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọdé fi sọ ọ́ ní Bàbá Ẹfun. Ó fi ọdún mẹ́tàdínlógún jù mí lọ, ṣùgbọ́n Ọ̀gá ló ń pè mí. Lọ́jọ́ náà, ó na ọwọ́ funfun yẹn sí mi, ó ní, "Ìyá, ọ̀gá mi nìyẹn o. Àwọn gan-an ni dókítà."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi mú ògiri. "Ẹ̀yin náà ẹ mà mọ àwàdà ṣe o!"

Àwàdà! Èmi tí mo kàwé títí tí awò ojú mi nípọn bí ìdí ìgò!

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Nínú ìyá mẹ́wàá tó bá gbé ọmọ wá bá mi, mẹ́fà ni mo máa ń dá padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹsẹ̀ ọmọ ọdún kan àbọ̀ tẹ̀ bí ọrun? Á tọ́ fúnra rẹ̀. Orúnkún ọmọ ọdún mẹ́rin ń gbá ara wọn bí ẹni ń pàtẹ́wọ́? Á tọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta tẹ́ pẹrẹsẹ? Ọ̀rá ló kún ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa sáré kiri. Òótọ́ pọ́ńbélé ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ní kò sí nǹkan kan? Wọ́n á fajú ro, wọ́n á ní, "Ṣé abẹ́rẹ́ kankan ò wá sí ni?" Wọ́n á jáde, wọ́n á pàdé Bàbá Ẹfun lọ́ọ̀dẹ̀. Òun á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á na ìka kan sí ọmọ pé kó fà á, á ní, "Ẹ̀ẹ́n, ẹsẹ̀ yìí á rìnnà jìnnà o!" Ìyá ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, omi á lé ròrò sí i lójú. Kí ló ṣe? Ó na ìka!

Lọ́jọ́ kan, bàbá kan fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lójijì kó má baà sá sí títì, ìgúnpá ọmọ bá yẹ̀. Láti àárọ̀, ọwọ́ ọmọ náà rọ̀ jọwọlọ, kò gbé e. Mo di ìgúnpá mú, mo yí ọwọ́ náà, mo tẹ̀ ẹ́, ó dún "kọ́", ó bùṣe. Ìṣẹ́jú kan ò pé. Mo dúró, mo ń retí ọpẹ́. Ọmọ gbé ọwọ́ tó ti kọ̀ láti gbé láti àárọ̀, ó nà án, ẹ gbọ́ o, ó nà án sí Bàbá Ẹfun tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ń kọjá lọ! Bàbá ọmọ fò mọ́ onítọ̀hún lọ́rùn: "Ọlọ́run ló rán yín!" Èmi ni mo rán an. Omi ni mo rán an.

Sístà Àgbà, olórí àwọn nọ́ọ̀sì wa, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn, ló kọ́kọ́ pe àìsàn mi lórúkọ.

"Dókítà, owú lẹ ń jẹ."

"Èmi? Kí n máa jowú adìsimẹ́ńtì?"

"Ẹ ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ kiri bí ìyálé tí wọ́n gbé ìyàwó tuntun wọlé bá. Ẹ rọra o. Òjòwú kì í lẹ́ran láyà."

"Ta wá ni ọkọ tí a jọ ń du?"

Ó nawọ́ sí àwọn ọmọ tó kún orí bẹ́ǹṣì. "Àwọn ọkọ yín rè é. Gbogbo wọn ló ń bá ìyàwó kékeré rẹ́rìn-ín."

Mo wọ yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo wo àyà mi. Ká sòótọ́, ẹran tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan.

Ó dáa. Obìnrin tó pè mí ní bùrọ̀dá yìí, tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, Tíṣà náà ni gbogbo wa sì ń pè é. Tó bá ń sọ̀rọ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé pátákó ìkọ̀wé wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, ọmọbìnrin, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yí sínú láti inú ìyá rẹ̀ wá, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí ẹsẹ̀ kejì bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí sí i létí. Èyí kì í ṣe èyí tí a máa ní kó máa lọ sílé. Tí a bá fi í sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ni ọmọ náà á máa fi rìn títí ayé. Ṣùgbọ́n tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀, á tọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ó rọra fọwọ́ yí ẹsẹ̀ náà síta díẹ̀, a ó wé òwú fẹ́lẹ́ mọ́ ọn, a ó wá fi simẹ́ńtì dè é láti ẹ̀bá ìka ẹsẹ̀ títí dé itan, orúnkún á sì tẹ̀ bí igun ilé. Lọ́sẹ̀ kejì, a ó tú u, a ó tún yí i síta díẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ karùn-ún tàbí ìkẹfà. Ìgbà náà ni èmi á wá fi ọ̀bẹ kékeré gé iṣan gìgísẹ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì.

Ẹ ti rí ibi tí ìyà mi wà? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọmọ fi ń rí Bàbá Ẹfun. Ìṣẹ́jú méjì ni tèmi, ọ̀bẹ ni mo sì mú dání wá.

Bàbá Ẹfun sọ ọmọ náà ní Agbábọ́ọ̀lù. Lọ́sẹ̀ kejì, bó ṣe ń di simẹ́ńtì, tó sì ń kùn orin nínú imú, Agbábọ́ọ̀lù ṣàdédé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láyé rẹ̀! Tíṣà kígbe, "Ó rẹ́rìn-ín! Ẹ wá wò ó!" Mo sáré dé, mo gbé ojú mi síwájú ọmọ, mo fẹyín, mo ń retí ìpín tèmi. Ó wò mí fínnífínní. Ètè rẹ̀ gbọ̀n. Ó bú sẹ́kún débi pé àwọn tó wà nínú ọgbà gbọ́.

Tíṣà ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́yìn díẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi sùn, ó bá mi jí. Ńṣe ni mo ń fọ eyín tí mo ń gbọ́ "ẹ bọ́ sẹ́yìn díẹ̀".

Lọ́sẹ̀ kẹta, Tíṣà kò ráàyè wá, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń ṣe ìdánwò. Ìyá rẹ̀ ló gbé ọmọ wá, ìyá àgbà kan báyìí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tẹ ọgbà wa rí. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, èrò kan wọ orí mi bí olè ṣe ń wọlé, láì kan ilẹ̀kùn. Mo ké sí Bàbá Ẹfun.

"Bàbá, ìpàdé kan wà ní ilé ńlá lọ́hùn-ún, lórí ọwọ́ fífọ̀. Ẹ bá mi lọ síbẹ̀."

"Ọ̀gá, ọwọ́ fífọ̀ kẹ̀? Kí n tó hu eyín ni mo ti ń fọ ọwọ́."

"Ó ti yí padà, Bàbá. Ọ̀nà tuntun ti dé."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bíi pé wọ́n ti tàn án jẹ láti ọjọ́ yìí, ó mi orí, ó lọ.

Mo ká apá ẹ̀wù sókè. Mo yí ẹsẹ̀ ọmọ síta díẹ̀, ó tọ̀nà. Mo wé òwú ẹ̀ẹ̀kan, Agbábọ́ọ̀lù ké. Mo wé e lẹ́ẹ̀kejì, igbe dínkù. Mo wé e lẹ́ẹ̀kẹta, ó dákẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó wo ojú mi. Ẹ̀yin èèyàn, ó wo ojú mi! Mo wé e lẹ́ẹ̀karùn-ún. Mo tẹ orúnkún rẹ̀ kó rí bí igun ilé, ó fajú ro, mo bá ní rárá o, a kì í bínú lónìí, mo jẹ́ kó nà bí ẹni jókòó gbafẹ́. Lórí gbogbo rẹ̀ ni mo wá di simẹ́ńtì.

Ẹ má bi mí bóyá mo mọ ohun tó tọ́. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé òwú fẹ́lẹ́ ni. Òwú tó bá pọ̀ jù, simẹ́ńtì ò ní rí ẹsẹ̀ dì mú, orúnkún tí kò bá sì tẹ̀, kò sí ohun tó máa dá a dúró. Á máa yọ̀ wálẹ̀ ni bí ṣòkòtò tí kò ní bẹ́líìtì. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ìmọ̀ mi ti bá Bàbá Ẹfun lọ sí ìpàdé ọwọ́ fífọ̀.

Nígbà tí mo ṣe tán, mo funfun dé ìgúnpá. Ìyá àgbà wò mí, ó pàtẹ́wọ́.

"Àbí ìwọ ni Bàbá Ẹfun tí ọmọ mi kì í jẹ́ ká gbádùn nítorí ẹ̀? Tọ̀sán tòru, Bàbá Ẹfun, Bàbá Ẹfun! Mo mà rò pé àgbàlagbà ni!"

Sístà Àgbà, tó ń to ìwé níbi ilẹ̀kùn, wú irú ikọ́ kan tí kò sí nínú ìwé ìṣègùn.

Ṣé mo purọ́? Mi ò purọ́. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ rí ẹfun lára mi?"

"Mo rí i, ọmọ mi."

"Ó tán náà nìyẹn."

Ló bá gbé àdúrà kalẹ̀. Ọwọ́ mi ò ní rọ. Iṣẹ́ mi ò ní bàjẹ́. Orúkọ mi ò ní parẹ́ lẹ́nu ọmọ òun. Mo dọ̀bálẹ̀ gba gbogbo rẹ̀. Bí mo ṣe ń lọ sílé lọ́jọ́ náà, ńṣe ni mo ń fi ẹsẹ̀ kan jó, tí mo ń fi èkejì rìn.

Ọjọ́ kẹta ni wàhálà wọlé. Mo wà nínú yàrá simẹ́ńtì pẹ̀lú Bàbá Ẹfun àti Sístà Àgbà nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Tíṣà ni, ó gbé Agbábọ́ọ̀lù mọ́ àyà. Ohùn ọmọ náà ti há. Ẹkún ló ń sun, ṣùgbọ́n èémí lásán ló ń jáde.

"Bàbá Ẹfun! Níbo ni ìka ẹsẹ̀ ọmọ mi wà?"

Bàbá Ẹfun gba ọmọ. Níbi tó yẹ kí ìka ẹsẹ̀ márùn-ún ti máa yọjú lẹ́nu simẹ́ńtì, kò sí ẹyọ kan. Wọ́n ti wọ inú lọ bí orí ahun. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé simẹ́ńtì ti yọ̀ wálẹ̀, ẹsẹ̀ ti fà sókè nínú rẹ̀, ohun tó yẹ kó máa mú un tọ́ sì ti di ohun tó ń fún un pa. Ó ti ìka méjì bọ ẹnu simẹ́ńtì náà lápá òkè. Ìka wọlé wọ̀ọ̀, àyè ṣì tún kù. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Kò bínú. Ńṣe ló ń wò mí bí ẹni wo ìṣirò tó ti mọ ìdáhùn rẹ̀.

Tíṣà ò dákẹ́. "Màmá mi ní ẹ̀yin lẹ ṣe é! Wọ́n ní, 'Bàbá Ẹfun fúnra ẹ̀ ló dì í, ó kí mi dáadáa, mo sì ṣàdúrà fún un.' Ṣé bí ẹ ṣe ń ṣe àmín nìyí?"

Bàbá Ẹfun tẹ́ ọmọ sórí ibùsùn.

Ni Tíṣà bá yíjú sí mi. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó ní, "Dókítà."

Mo wo ẹ̀yìn mi. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo ti ń rí yín níbí látọjọ́ yìí, mi ò kà yín sí. Ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ kàwé rẹ̀. Láti òní lọ, ẹ̀yin ni kí ẹ máa tọ́jú ọmọ mi."

Háà, ẹ̀yin èèyàn! Ẹ ti lá oyin rí? Oyin ò dùn tó o. Mo na ọrùn, mo ga ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Mo fi ohùn tí mi ò mọ ibi tó ti wá ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Tíṣà." Ikọ́ tún gbé Sístà Àgbà níbi ilẹ̀kùn, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ la fi rẹ simẹ́ńtì náà. Bàbá Ẹfun tú u. Òwú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó fà á, ó tún fà á, òwú ò tán.

"Òwú yìí tó rán ìrọ̀rí," ni Sístà Àgbà wí, ó wá wo orí mi bí ẹni ń wo ibi tó máa gbé ìrọ̀rí náà lé.

Lẹ́yìn òwú, ẹsẹ̀ yọ. Ó ti yí padà sínú, ibi tó wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an ló padà sí. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ti wọmi. Gìgísẹ̀ rẹ̀ pọ́n, awọ ibẹ̀ sì ti bó, ó tó èékánná àtàǹpàkò. Agbábọ́ọ̀lù fi ojú wá ẹni tó ń kùn nínú imú kiri, kò rẹ́rìn-ín fún ẹnikẹ́ni.

Oyin ẹnu mi koro.

Tíṣà rí ojú egbò náà. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ìyẹn gan-an ló bani lẹ́rù. "Bàbá Ẹfun, mo fọkàn tán yín. Ẹ má fọwọ́ kan ọmọ mi mọ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá pátápátá ilé ìwòsàn yìí ni mo ń lọ báyìí, kí wọ́n yọ yín kúrò nínú yàrá yìí kí ẹ má baà ṣe ọmọ ẹlòmíràn báyìí."

Bàbá Ẹfun wo òwú tó kún ọwọ́ rẹ̀. Ó wá ní, jẹ́jẹ́, "Ẹ má bínú, Tíṣà. Èmi ni mo ni yàrá yìí. Ohun tó bá ti ibí jáde, èmi ni kí ẹ bi." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ rò pé àánú ló ṣe mí? Ẹ rò pé ọkàn mi rọ̀, mo ronú pìwà dà? Kò sí nǹkan tó jọ ọ́! Mo gbójú sókè, mo rí Sístà Àgbà tó ń fi etí ẹ̀wù nu ojú nítorí ìwà rere ọkùnrin yìí. Owú bá ru gùdù nínú mi. Ẹ wò ó! Ó gba ẹ̀rín àwọn ọmọ lọ́wọ́ mi, mo gbà. Ó gba ọpẹ́ àwọn ìyá, mo gbà. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi dá, tí mo fi òwú wé, òun náà ló tún fẹ́ gbà, kó fi di ẹni mímọ́? Ṣé kò ní ku nǹkan kan fún mi láyé yìí ni?

Mo pariwo, "Rárá! Kò jẹ́ bẹ́ẹ̀! Tèmi ni! Èmi ni mo ṣe é!"

Ẹ̀rọ omi ń kán tó, tó.

Tíṣà fi àánú wò mí. "Dókítà, ẹ má dáàbò bò ó. Mo ti rí i pé ẹ láàánú púpọ̀."

"Mi ò láàánú!"

"Ìrẹ̀lẹ̀ yín náà tún pọ̀."

"Tíṣà, mo fi Ọlọ́run bẹ yín, mi ò nírẹ̀lẹ̀! Ẹ pe màmá yín. Ẹ pè wọ́n báyìí!"

Ó fa fóònù yọ, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sókè kí gbogbo wa gbọ́. "Màmá, Bàbá Ẹfun tí ẹ bá pàdé lọ́jọ́ yẹn, báwo ló ṣe rí?"

Ohùn ìyá àgbà kún yàrá. "Ta? Kúkúrú yẹn? Ó wọ awò ojú, etí ẹ̀ méjèèjì là síta bí ilẹ̀kùn mọ́tò tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Ó mà kí mi o. Ṣùgbọ́n ó jọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni."

Gbogbo ojú wá sára etí mi. Mo fẹ́ fi ọwọ́ bò wọ́n, ọwọ́ ò tó.

Tíṣà rọra gbé fóònù sílẹ̀. Ó mú òwú náà, ó nà án sójú mi. Ohùn kíláàsì ti padà sẹ́nu rẹ̀.

"Kí lẹ wé mọ́ ọmọ mi lẹ́sẹ̀?"

"Owú ni."

"Mo rí i pé òwú ni. Mo ní kí ló dé tó fi pọ̀ tó báyìí?"

"Tíṣà, kì í ṣe òwú. Owú."

Ó gbé ìka kan sókè. "Ẹ pè é dáadáa. Dò-mí ni, àbí re-mí?"

"Re-mí, mà."

"Owú jíjẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Owú ta?"

Mo fi àgbọ̀n júwe Bàbá Ẹfun. Ọkùnrin náà fi òwú nu ojú. Sístà Àgbà kọ ògiri lójú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ọmọ rẹ́rìn-ín sí i," ni mo wí. "Ó wo èmi, ó ké. Mo fẹ́ kó rẹ́rìn-ín sí èmi náà. Nígbà tí màmá yín pè mí lórúkọ rẹ̀, mo jẹ́ orúkọ náà."

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tí wọ́n yọ eegun rẹ̀. Ó fi ìka kan kan àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tó ti padà yí sínú. "Ṣé á ṣì tọ́?"

"Á tọ́," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì rẹ̀ ṣòfò. A máa dúró ní ọ̀sẹ̀ kan kí awọ yẹn jinná, ká tó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi ló ti bàjẹ́. Kì í ṣe ọwọ́ wọn."

Ó wo Bàbá Ẹfun. "Òótọ́ ló sọ? Ṣé á tọ́?"

"Ohun tí dókítà bá sọ ni, Tíṣà. Iṣẹ́ yẹn yé wọn. Ara wọn ni kò yé wọn."

Tíṣà dìde. Ìdájọ́ ló sọ. "Bàbá Ẹfun ló máa dì í. Ẹ̀yin," ó na ìka sí mi, "ẹ ó máa di orúnkún mú kó má nà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí yóò fi parí. Orí ìkúnlẹ̀ sì ni o. Ọmọ tó bá jí orúkọ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lò ní kíláàsì mi, kì í jókòó."

Èmi fúnra mi ni mo kọ ìwé sí ọ̀gá pátápátá. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ dá di simẹ́ńtì fún ẹnikẹ́ni fún oṣù mẹ́ta, ó sì tọ́ sí mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, awọ ti jinná. Tíṣà gbé Agbábọ́ọ̀lù sórí ibùsùn, ó dúró tì í. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ líle. Orúnkún èmi oníṣẹ́ egungun dún gbàù, Sístà Àgbà ní, "Pẹ̀lẹ́, ìyálé." Mo ń retí kí Bàbá Ẹfun náà kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Kò kúnlẹ̀. Ó fa àga mi, èyí tó ní táyà kéékèèké nídìí, ó jókòó lé e, ó sì yí i po lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ayọ̀ tí mi ò rí lójú rẹ̀ rí.

"Ọ̀gá, ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ owú jẹ? Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wo àga yìí láti orí ìkúnlẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá rìnrìn-àjò, mo máa ń yọ́ wọlé wá yí i."

"Ẹ̀yin, Bàbá?"

"Èmi, Bàbá. Ẹ mú orúnkún yẹn."

Mo mú un, mo tẹ̀ ẹ́ bí igun ilé. Ó wé òwú, fẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì péré, Tíṣà ń ka á sókè. Agbábọ́ọ̀lù wò mí, ó gbé igbe ta. Bàbá Ẹfun bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú imú. Kíá, igbe dá. Ọmọ náà yí orí kúrò lọ́dọ̀ mi pátápátá, ó wo ọkùnrin yẹn, ó rẹ́rìn-ín dé ẹ̀rìgì. Tíṣà rẹ́rìn-ín. Sístà Àgbà rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo ń wo ẹ̀gbẹ́ etí ọmọ, ìka mi sì ń le mọ́ orúnkún rẹ̀.

Bàbá Ẹfun rì bándéèjì bọ omi, ó fún un, kò gbójú sókè.

"Ọ̀gá," ó ní, "ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Orúnkún ọmọ lẹ mú yẹn, kì í ṣe ọrùn mi."